Ọ̀ọ̀lẹ̀ Tí Ọkọ Mi Kò Gbọdọ̀ Tọ́ Wò

Ọ̀ọ̀lẹ̀ ló fẹ́ tú ilé mi ká. Kì í ṣe orogún, kì í ṣe ọtí, kì í ṣe àìrọ́mọbí. Ọ̀ọ̀lẹ̀ ni, ọ̀ọ̀lẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi sè nínú ilé ọkọ mi ní Ìfàkì, tí mo dì sínú ewé, tí mo sì ń gbé jáde láàárọ̀ kùtùkùtù láìfún ẹnikẹ́ni jẹ.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ti ń fura, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ọ̀ọ̀lẹ̀ tó jẹ́. Ẹ̀wà kò sí nínú rẹ̀. Ewé igi òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní múbẹ́rì ni mo máa ń sá, tí mo máa ń gún títí á fi kúnná, tí mo sì máa ń jọ̀ bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Mo máa po ìyẹ̀fun sóyà mọ́ ọn, mo máa wá bu ìyẹ̀fun pupa kan tí wọ́n gbé wá láti Ìbàdàn sí i. Iyọ̀ kò sí níbẹ̀, epo kò sí, ata kò sí. Bó bá jinná tán, ó máa ń pupa bí osùn. Kòkòrò ni mo ń sè é fún.

Lọ́dún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn tó ní i ní láti gun òkè kí wọ́n tó lè bá ọmọ wọn ní Èkó sọ̀rọ̀, ni ọmọ Ìkọ̀lé kan tó ń jẹ́ Olúmúyìwá wá gba ilé kan tí wọ́n ń kó kòkó sí tẹ́lẹ̀ ní Ìgbólé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì gbéyàwó, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò ló kọ́ ní yunifásítì. Ó ń wá obìnrin tó mọ òwú, wọ́n sì júwe mi fún un, nítorí pé òfì ni ìyá mi ń hun ní Ìfisìn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ kí Yáyà tó gbé mi níyàwó wá sí Ìfàkì.

Olúmúyìwá sọ fún mi pé kòkòrò sílíkì ni òun ń sìn. Ó ní bí èèyàn bá yí oúnjẹ wọn padà, òwú tí wọ́n máa tu á ti pupa láti inú ara wọn wá, kò ní ṣí, á sì le ju òwú wọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti rẹ òwú sínú aró, tí mo ti rẹ ẹ́ sínú osùn, tí mo ti rí aṣọ tó ṣí sí ọrùn ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọdún Iléyá! Òwú tó pupa kó tó kan ọwọ́ ènìyàn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ìdí tí mo fi gba iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Ó sì ṣèlérí pé bí àwọn kòkòrò àkọ́kọ́ bá ṣe dáadáa, òun á to òfì sí ẹ̀gbẹ́ ilé náà fún àwọn obìnrin, èmi ni n ó sì ṣe olórí wọn.

Òfin ibẹ̀ ló le. Kòkòrò sílíkì kì í fẹ́ òórùn kankan. Bí èéfín bá kàn wọ́n, wọn á kú. Bí òórùn lọ́fínńdà bá kàn wọ́n, wọn ò ní jẹun mọ́, wọn á máa bì. Ọṣẹ olóòórùn, ìpara, epo bẹntiróò, gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ èèwọ̀. Tábà ló wá burú jù, Olúmúyìwá ní èyí tó kéré bí ẹyọ iyanrìn tó láti pa wọ́n. Nítorí náà, ilé ni mo ti ń dáná sè oúnjẹ wọn. Kí n tó kúrò nílé, mo máa fi omi lásán wẹ̀. Tí mo bá dé ọ̀hún, mo máa bọ́ aṣọ tí mo wọ̀ wá, n ó wọ òmíràn tí kì í kúrò níbẹ̀. Olúmúyìwá fúnra rẹ̀, abẹ́ igi kòkó lọ́nà jíjìn ló máa ń gbé ọ̀kadà rẹ̀ pamọ́ sí nítorí òórùn epo.

Ẹ tún gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn kà bí ọkọ ìyàwó. Obìnrin jí ní ìdájí, ó se ọ̀ọ̀lẹ̀, kò fún ọkọ jẹ. Ó wẹ̀. Ó jáde. Nígbà tó dé ibi tó ń lọ, ó bọ́ṣọ. Ọkùnrin kan tí kò láya gbé ọ̀kadà pamọ́ sínú oko lójú ọ̀nà ibẹ̀.

Èyí tó wá burú jù ni ti tùràrí. Ní ilé àwa Mùsùlùmí ní Ìfàkì, tó bá di alẹ́ Alámìísì, tí Jímọ̀ ku ọ̀la, obìnrin tó bá mọyì ọkọ rẹ̀ á jó tùràrí sí yàrá. Ẹni tó ń kọjá lójú títì á gbọ́ òórùn rẹ̀, á sì mọ̀ pé àárín tọkọtaya ilé yẹn gún. Iṣẹ́ Yáyà ọkọ mi sì ni èyí: ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ó ń ta tùràrí, ó ń ta lọ́fínńdà, tìróò àti tẹ̀sùbáà. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, èyí tó dára jù nínú ọjà rẹ̀ ló máa ń mú wálé fún mi. Ó wá di ọjọ́ kan, mo ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́.

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò sọ ọ́. Mo jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, mo ní, "Bàbá Sàmíát, àwọn kòkòrò tí mo ń tọ́jú ni wọn ò fẹ́ òórùn dídùn. Tí mo bá jó tùràrí lónìí, tó bá lẹ̀ mọ́ mi nírun dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́la, wọ́n lè kú."

"Kòkòrò tí kò fẹ́ òórùn dídùn," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Eṣinṣin ń wá òórùn. Oyin ń wá òórùn. Tìrẹ nìkan ni kò fẹ́ ẹ."

Òótọ́ ni mo sọ, mo sì gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi bí irọ́. Bí mo bá fẹ́ parọ́, ṣé irú irọ́ yẹn ni mo máa pa? Mo lè ní orí ń fọ́ mi, mo lè ní mo lóyún. Inú bí mi, mo dìde, mo lọ fọ abọ́.

Láti ìgbà náà ni ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé mi. Bí mo bá ń gún ewé lẹ́yìnkùlé, ó máa gba ibẹ̀ kọjá, kò ní sọ nǹkan kan. Bí mo bá ń di ọ̀ọ̀lẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó máa yọjú lójú fèrèsé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Ìyá Sàmíát, ta ló ń jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ yìí gan-an?"

"Kòkòrò ni. Ṣebí mo ti sọ fún yín."

"Kòkòrò ń jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ gbígbóná, ọkọ ń mu ẹ̀kọ tútù."

Mo ní kò dùn lẹ́nu ènìyàn. Mo ní kó má tọ́ ọ wò. Ǹ bá má tiẹ̀ sọ ìyẹn. Nígbà tí mo wọlé lọ mú ìborùn mi, ó tú ọ̀kan, ó bù ú sẹ́nu. Ó tu ú dànù lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ àti eyín rẹ̀ ti pupa, ó sì fi ẹnu pupa bẹ́ẹ̀ jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ẹni tó wá ra tìróò ló ń bi í pé kí ló jẹ.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dá sí ọ̀rọ̀ náà. Sèínábù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ ìyàwó wọn, Ẹ̀gbọ́n ni mo máa ń pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́ kí aáṣáà, tábà lílọ̀, wọ́n nínú agolo wọn, wọ́n á fín in sí imú òsì, wọ́n á fín in sí tọ̀tún, síbẹ̀ kò sí òórùn tó ń fo imú wọn. Wọ́n wá kí wa ní ìrọ̀lẹ́ Alámìísì kan. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n ti dúró láàárín pálọ̀, tí wọ́n ń fa imú.

"Uyàwó," ni wọ́n wí, "kí ló dé tí ulé yìí ò rùn?"

"Kò rùn bí ti báwo, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kò rùn rárá. Ulé tí ọkọ ń gbé, lálẹ́ Jímọ̀, kò yẹ kó dákẹ́ báyìí."

"Uṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Ìgbólé ni kò jẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn kòkòrò náà..."

"Uṣẹ́ wo ló ní kí obìnrin má ta sánsán sí ọkọ ẹ̀?" Wọ́n yíjú sí Yáyà tó jókòó, tó tẹ orí ba. "Ùwọ náà, ọ̀ọ̀lẹ̀ tó sọ ẹnu rẹ di pupa, ṣé o rò pé oúnjẹ nìyẹn? Oògùn ni. Wọ́n fi ń mú ọkùnrin ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé o tètè tu ú dànù, kò sì jẹ́ pé ùwọ ni wọ́n sè é fún!"

Mo ń retí pé kí Yáyà sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó tó." Kò sọ ọ́. Àgbà ni wọ́n, n kò lè dá wọn lóhùn bó ṣe ń ṣe mí, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí mo gbé kalẹ̀ fún wọn, n kò sọ fún wọn pé kí wọ́n bù sí i.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà bẹ́ ni aṣọ kan tí kò ju ìwọ̀n fìlà lọ. Olúmúyìwá ti ní òwú sílíkì funfun díẹ̀ láti ara kòkòrò tó jẹ ewé lásán, ó sì ní kí n hun ún, kí á lè fi wé ti pupa nígbà tó bá jáde. Mo hun ún nílé, mo ká a sínú àpótí mi. Yáyà rí i. Èmi ò mọ ohun tó ń wá nínú àpótí mi, ẹ bi í.

Ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan rẹ̀. "Sílíkì ni?"

"Sílíkì ni."

"O mọ̀ pé harámù ni fún ọkùnrin Mùsùlùmí."

"Mo mọ̀."

"Èmi ò lè wọ̀ ọ́. Bàbá rẹ ò lè wọ̀ ọ́. Kò tó ìborùn obìnrin, kò tó gèlè. Fìlà nìkan ló tó." Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an. "Ọ̀gá rẹ ní Ìgbólé, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà kò bí mi nínú mọ́, ó ń dẹ́rù bà mí. Ọkùnrin tó bá ronú jinlẹ̀ tó báyẹn ti ṣe ìdájọ́ tán nínú ọkàn rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, ó gbọ́, ó ká aṣọ náà padà dáadáa sínú àpótí. Èyí ló jẹ́ kí n sọ̀rètí nù jù, pé ó ká a dáadáa. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ó ní bó bá jẹ́ pé bí òun ṣe rò ó ló rí, kí n palẹ̀ mọ́, kí n padà sí Ìfisìn, ṣùgbọ́n Sàmíát ò ní bá mi lọ. Sàmíát ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn kòkòrò náà ti tóbi tó ọmọ ìka, wọ́n ti ń jẹ àjẹkẹ́yìn. Ní àsìkò yẹn, wọ́n máa ń jẹun láìsinmi, lẹ́yìn náà wọ́n á gbórí sókè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tu òwú yí ara wọn ká. Àwọ̀ pupa náà ti ń hàn láti inú ara wọn. Bí òórùn kankan bá wọlé sí wọn nígbà yẹn, kò ní sí òwú kankan, gbogbo ewé tí mo gún á di òfo. Olúmúyìwá wá láàárọ̀, ó rí wọn, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá sọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ padà, ọ̀kadà rẹ̀ kọ̀, kò ṣíná. Ó fi í sílẹ̀ lábẹ́ igi kòkó níbi tó máa ń gbé e sí, ó wọ takisí lọ wá mẹkáníìkì. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra mi láti inú, mo ń pín ọ̀ọ̀lẹ̀ sórí atẹ.

Mo gbọ́ tí takisí dúró. Mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n.

"Wo ọ̀kadà rẹ̀ níbẹ̀ yẹn! Nínú oko! Ta ló ń gbé ọ̀kadà sínú oko bí kò bá ní ohun tó ń fi pamọ́?"

Ẹnìkan gbá ilẹ̀kùn. "Mùtíátù!"

Láti ìgbà tí mo ti bí Sàmíát, Yáyà kò pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo sún mọ́ ilẹ̀kùn, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé bá mi. Ó ń bọ̀ láti ibi ìrun Jímọ̀, àrà ọ̀tọ̀ ló sì máa ń fi í para lọ́jọ́ náà, kí àwọn oníbàárà lè gbọ́ ọ kí wọ́n béèrè rẹ̀. Kíá ni mo bọ́ ìró òkè mi, mo fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ṣílẹ̀kùn!"

Mo dúró níbẹ̀. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ọkọ mi á rí i pé kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀, kòkòrò mi á kú. Bí mi ò bá ṣí i, kòkòrò mi á yè, n ó sì di obìnrin tí wọ́n ká mọ́ inú ilé pẹ̀lú àlè. Ẹ̀gbọ́n á ti sọ ọ́ yí Ìfàkì ká kí wọ́n tó kírun Àsárì. Sàmíát á máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé.

"Bàbá Sàmíát," ni mo wí, "mo máa ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ wẹ̀."

"Kí n lọ ṣe kí ni?"

"Omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ilé. Ẹ bọ́ agbádá yín sọ́nà jíjìn. Ẹ wẹ̀ láti orí, ẹ má lo ọṣẹ. Ìró mi kan wà lára ìṣó lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ ró o. Ẹ wá kànlẹ̀kùn, n ó ṣí i."

"Urọ́ ni!" Ẹ̀gbọ́n ti ń pariwo. "Ó fẹ́ kí ọkùnrin yẹn ráyè gba ojú fèrèsé sá lọ ni!"

"Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ dúró níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gba ibẹ̀ jáde, ẹ dì í mú."

Èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ bẹ́ẹ̀. N kò rántí agolo aáṣáà.

Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sẹ́yìn ilé. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ omi tó ń dà, tó ń dà. Ó wẹ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó kànlẹ̀kùn, mo gbóòórùn àlàfo ilẹ̀kùn, kò sí nǹkan kan, mo sì ṣí i. Yáyà, alájọṣe lẹ́mọ́mù, oníṣòwò ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ló dúró níwájú mi nínú ìró àńkárá mi tó ti ṣá, ó so ó mọ́ àyà, omi ń kán láti irùngbọ̀n rẹ̀. Ká ní ìgbà mìíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín kú.

Ó wọlé. Kò wò mí. Ó lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wò ó. Ó gbé àpò ewé, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ pákó tí a to àwọn atẹ sí, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mo dúró, mo ń wò ó. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ sí mi láti ọjọ́ yìí wá, kò dùn mí tó ìyẹn. Ó ti wọlé, ó ti rí i pé èmi nìkan ni, ó ṣì ń wá ọkùnrin lẹ́yìn àpò.

Nígbà tó dìde, ó dúró, ó fetí sílẹ̀. Ìró kan wà nínú ilé náà bí òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lórí ewé kókò.

"Kí ló ń dún?"

"Wọ́n ń jẹun," ni mo wí.

Ó sún mọ́ àwọn atẹ. Ó rí ọ̀ọ̀lẹ̀ pupa mi tí mo gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó rí àwọn kòkòrò tó bò ó, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ létí létí. Àwọn kan ti gbórí sókè. Ó wò wọ́n títí, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "O sọ fún mi."

"Mo sọ fún yín."

Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ya. Orí Ẹ̀gbọ́n ló yọ wọlé, gèlè wọn ti yẹ̀, aáṣáà wà lọ́wọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń fín in lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣọ́nà. "Yáyà! Ṣé o ti rí i? Ṣé o ti dì í mú?" Ariwo tí wọ́n pa àti aáṣáà tó wà nímú wọn pàdé, wọ́n sín. Wọ́n sín lẹ́ẹ̀kan sí i, aáṣáà ọwọ́ wọn sì fọ́n ká sórí àwọn atẹ tó sún mọ́ fèrèsé.

Mo figbe ta. Kò pẹ́ rárá. Àwọn kòkòrò tó wà lórí atẹ wọ̀nyẹn gbé orí sókè, wọ́n ń mi orí sọ́tùn-ún sósì, omi pupa ń jáde lẹ́nu wọn. Ìró òjò náà dákẹ́ ní apá ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúrò níbẹ̀!" Yáyà ni. N kò gbọ́ kó jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. "Ẹ kúrò lójú fèrèsé! Ẹ fi obìnrin yìí sílẹ̀!"

Ó ti gbá atẹ mú kí n tó sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Òun ló ń gbé àwọn tó wà láàárín lọ sí ìpẹ̀kun kejì, èmi ń pàrọ̀ oúnjẹ wọn. Ó fa ìró abẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi dí ojú fèrèsé. Ó ń béèrè pé, "Èyí ńkọ́? Èyí yóò yè?" bí ẹni pé òun ló bí wọn. Èyí tó kú nínú wọn, ó gbá a jọ sínú ewé, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó kú. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, kò sọ pé kí n dákẹ́.

Ọjọ́ ti ń rọ̀ nígbà tí Olúmúyìwá dé. Ó ti ojú ọ̀nà rí ọkùnrin kan tí kò wọ ẹ̀wù, tó ró ìró obìnrin, tó ń jáde láti inú ilé kòkòrò rẹ̀. Ó dúró gbagidi. Ó wo ọkùnrin náà, ó wò mí, ojú rẹ̀ le.

"Ìyá Sàmíát, ta lẹ mú wọ ulé yìí?"

Kò sí ẹni tí kò ní fura sí mi lọ́jọ́ náà. "Ọkọ mi ni," ni mo wí.

Yáyà kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò tó àbúrò rẹ̀. Èmi ni mo ní kó dìde.

Àwọn tó kù tu òwú. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí fún ẹni tí kò bá mi dúró níbẹ̀: ilé róbótó róbótó tí kòkòrò fi òwú ara rẹ̀ kọ́, tó pupa bí ìgbà tí oòrùn ń wọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì rẹ ẹ́ sínú nǹkan kan. A sè é nínú omi gbígbóná, a fa òwú rẹ̀. Omi náà kò pọ́n. Mo fa òwú funfun ti àkọ́kọ́ láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó já. Mo fa èyí tó jẹ ọ̀ọ̀lẹ̀ mi, ó gé mi níka, kò já. Olúmúyìwá ń jó. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, òfì wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé náà báyìí, àwọn obìnrin Ìgbólé sì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n n kò padà sí yàrá ọkọ mi kíá. Ọ̀dọ̀ Sàmíát ni mo ń sùn. Yáyà bẹ̀ mí, ó rán lẹ́mọ́mù sí mi, mo ní mo ti gbọ́. Ní ọjọ́ kan mo sọ ohun tó ń dùn mí gan-an fún un. "Ẹ wẹ̀ kí ẹ tó wọlé, Bàbá Sàmíát, ó yẹ kí n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wọlé tán, ẹ wo ẹ̀yìn àpò." Ó dìde, ó jáde.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró odó lẹ́yìnkùlé. Ẹyin tuntun ti pa ní Ìgbólé, àwọn kòkòrò kéékèèké ti ń wá oúnjẹ. Mo yọjú, mo rí Yáyà tó ti fi omi lásán wẹ̀, tó ń gún ewé. Ó bá mi di ọ̀ọ̀lẹ̀ náà, ó bá mi gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé kòkòrò, ó dúró níta títí mo fi ní kó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́. Tó bá ti ibẹ̀ dé, ó máa lọ jókòó sí ìsọ̀ lọ́fínńdà rẹ̀, kò sì ní kán ẹyọ kan sára nítorí ọjọ́ kejì. Ọjọ́ Jímọ̀ pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ kírun.

Ní ìrọ̀lẹ́ Alámìísì àná, Ẹ̀gbọ́n wá. Láti ọjọ́ aáṣáà, ojú ń tì wọ́n díẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nínú wọn lọ́tẹ̀ yìí ju ìtìjú lọ. Wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò.

"Uyàwó, mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mo ń wá ọ̀rọ̀ o. Ṣé o ti kíyè sí ọkọ rẹ?"

"Kí ló ṣe, Ẹ̀gbọ́n?"

"Kò ta sánsán mọ́. Ọkùnrin tó ń ta lọ́fínńdà! Wọ́n ní ó ń wẹ̀ ní ìdájí. Wọ́n ní ó máa ń di nǹkan sínú ewé, ó sì ń gba ọ̀nà Ìgbólé lọ." Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ṣebí kòkòrò yín ti tu òwú tán? Ṣọ́ ọkọ rẹ o. Ó ní obìnrin tó ń lọ bá."

Mo wo Yáyà láti ojú fèrèsé. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń jọ ìyẹ̀fun ewé, ó sì ti funfun dé ìgbọ̀nwọ́ pẹ̀lú sóyà.

"Mo mọ obìnrin náà, Ẹ̀gbọ́n," ni mo wí. "Èmi ni mo máa ń ṣílẹ̀kùn fún un."